Bẹ́ẹ̀dì Gíga Tí Bàbá Mi Ṣe fún Mi

Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, tí mo gbóòórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ọkàn mi máa ń pòrúurùu. Láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ni mo kọ́kọ́ mọ òórùn yẹn dáadáa, ní Òsí, nígbà tí bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Kíláàsì kejì ni mo wà nígbà náà. Bàbá mi gbé agbọ̀n iṣu tó kún dẹ́nu lérí, ó sì ń súfèé lọ.

Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà láyé ìgbà náà mọ bí yàrá ọmọ ṣe ń rí. Orúkọ lásán ni wọ́n fi ń pè é ní yàrá ọmọ. Àpò àgbàdo wà lápá kan, garawa èlùbọ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, iṣu tí wọn ò fẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ wà lẹ́bàá ògiri, èmi náà sì wà láàárín wọn lórí ẹní. Lọ́dún yẹn, iṣu ta gan-an. Mi ò rí ibi tí mo lè na ẹsẹ̀ sí mọ́. Ni bàbá mi bá ní òun máa ṣe bẹ́ẹ̀dì fún mi.

Wọ́n jiyàn lórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún títí. Ìyá mi fẹ́ kékeré tó sún mọ́lẹ̀, kí n má baà já bọ́. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní kí wọ́n ra onírin olókè àti ìsàlẹ̀, irú tàwọn ọmọ bọ́dìn nílé ìwé. Bàbá mi bi í léèrè ẹni tó máa sùn nísàlẹ̀, àbí iṣu ló fẹ́ tẹ́ fóòmù fún. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní tirẹ̀ fẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, kí ọmọ wà lókè, kí iṣu wà lábẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi gbé agbọ̀n lọ fún káfíńtà, kí ọkùnrin náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó máa kọjá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Káfíńtà wọn agbọ̀n tán, ó ní kí n sùn sílẹ̀. Ó mú okùn, ó nà án láti orí mi dé gìgísẹ̀. Bí ẹ̀rín ṣe kú mọ́ mi lẹ́nu nìyẹn.

Kò tíì pẹ́ tí Yèyé, ìyá bàbá mi, kú. Káfíńtà kan náà ló wá sílé wa, tó na okùn láti orí rẹ̀ dé gìgísẹ̀, kó lè kan pósí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yá bẹ́ẹ̀dì onírin gíga kan wá láti Ìlọ́fà, wọ́n tẹ́ Yèyé sórí rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ nínà, ọwọ́ láyà, a sì ń kọrin ìsìn yí i ká. Orí ẹní ni ọ̀pọ̀ wa ń sùn. Bẹ́ẹ̀dì bàbá mi pàápàá, ilẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Nínú gbogbo èèyàn tí mo mọ̀, Yèyé nìkan ló gun bẹ́ẹ̀dì gíga, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Mi ò lè bèèrè. Àmì wo ni wọ́n rí lára mi? Ara mi le, mò ń jẹun. Ohun tó tún rú mi lójú jù ni pé inú bàbá mi ń dùn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, tí wọ́n á máa súfèé nítorí ọmọ tó fẹ́ lọ? Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Mo gbà pé òótọ́ ni.

Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì dé, mi ò gùn ún. Mo ní ẹní tó mi. Ojú bàbá mi rẹ̀wẹ̀sì, ó rò pé n kò fẹ́ràn ohun tí òun yàn fún mi. Ó ní bóyá mò ń bẹ̀rù pé kò lágbára. Ló bá gùn ún fúnra rẹ̀, ó nà gbalaja, ó ká ọwọ́ lé àyà, ó sì di ojú bí ẹni tó ń gbádùn.

Igbe tí mo ké, àwọn ará ilé kejì sáré wá. Mo ń fà á lẹ́sẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ dìde. Ẹ má tẹ̀ lé Yèyé lọ.”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ yé. Ó jókòó sórí àpò àgbàdo, ó ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣu sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi náà ń gbé àwọn kéékèèké fún un, títí tó fi kún. Nígbà náà ló kúnlẹ̀ tì mí, ó ń pe iṣu ní usu bí àwọn ará Òsí ṣe ń pè é.

“Àṣàkẹ́, wò ó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Yèyé ṣófo. Abẹ́ ti rẹ, usu ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní usu nílẹ̀ ò tíì lọ sí ibì kankan.”

Mo gùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí mo jí, mo na ọwọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Iṣu wà níbẹ̀.

Bàbá mi darúgbó kó tó lọ. Nígbà tí ẹbí ń wá bẹ́ẹ̀dì gíga tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí, àbúrò mi ní kí ló dé tá a fẹ́ yá ti ẹlòmíràn nígbà tí ọ̀kan wà nílé. Tèmi yẹn náà ni, ìyá mi sì ṣì ń to iṣu sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu síta, wọ́n ní kò bójú mu. Mo ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n ń wò mí, èmi ìyá ọlọ́mọ tí irun rẹ̀ ti ń funfun, wọ́n bi mí pé kí nìdí. Ọmọ ìgbà yẹn gbà gbọ́ pé ẹni tó ní iṣu nílẹ̀ kì í lọ. Èmi àgbà mọ̀ pé ó ń lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ tán, tí gbogbo wọn jáde, mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà bóyá iṣu wà níbẹ̀.