Ọ̀sà Tí Tadjoudine Gbé Lọ sí Abúlé Màmá

Bí ẹ bá dé Koumassi ní Abidjan, tí ẹ béèrè Tadjoudine tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, wọn á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àbúrò mi ni. Ó ti lé lógójì ọdún, ó láya, ó bímọ, ilé àwọn olówó Biétry ló sì ti ń gun àkàbà láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n kó kàn ti ibi iṣẹ́ dé, kó wẹ̀, kó jẹun, ìdí kọ̀ǹpútà ló kù. Eré ogun kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn ti ń kọ́lé, tó ń dáko, tó ń kó ọmọ ogun jọ. Tadjoudine kì í bá ẹnikẹ́ni jagun. Ilẹ̀ ló ń ṣe. Eré náà ní irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní éditeur, tí ènìyàn fi lè mọ òkè, kó gbẹ́ odò, kó gbin igi, kí àwọn ẹlòmíràn wá máa ṣeré lórí rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run dá ayé tán, ó gbàgbé láti sọ fún àbúrò mi.

Lọ́dún tó kọjá, Màmá sọ ọ̀rọ̀ kan tó wọ̀ ọ́ lára. Orúnkún Màmá kò gbé e rìnrìn àjò mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú wa tó mọ bí abúlé tí wọ́n bí i sí, tí kò jìnnà sí Ẹ̀jìgbò, ṣe rí láyé ọjọ́un. Abidjan ni wọ́n bí èmi àti Tadjoudine sí. Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, Faransé ni wọ́n fi ń dáhùn. Màmá ní, "Bí mo bá kú báyìí, ọ̀nà ilé bàbá mi kú nìyẹn." Tadjoudine ní ọ̀nà náà kò ní kú. Ó ní kí Màmá ṣáà máa ròyìn rẹ̀ fún òun, òun á ṣe abúlé náà sínú eré, gbogbo ọmọ ilé á sì rìn ín.

Àbúrò mi kò ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Dípò kó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ó lọ gé lára ilẹ̀ kan tó ti ṣe tẹ́lẹ̀, èyí tó fi jọ Koumassi àti Biétry, ó sì dà á kọ sí abúlé Màmá. Igi tẹ̀lé e wá, ojú ọ̀nà tẹ̀lé e wá, ọ̀sà tó wà láàárín méjèèjì náà tẹ̀lé e wá. Ẹni tí wọ́n bí sétí ọ̀sà, tó ń rí i lọ síbi iṣẹ́, tó ń rí i bọ̀, kò rò ó rí pé ìlú kan lè wà láìní ọ̀sà.

Ọjọ́ Àìkú kan ló pe Màmá wá wò ó. Màmá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀.

"Tadjou, kí lèyí?"

"Ọ̀sà ni, Màmá."

"Ọ̀sà ta ni? Odò tí a ní, ọmọdé ń fò ó kọjá!"

"Attends, Màmá, ẹ dúró ná, mo máa pa á rẹ́."

Ó fi àwọ̀ erùpẹ̀ pupa kun orí omi náà, ọ̀sà pòórá lójú. Ó wá ní kí ọmọ ogun kan rìn láti ilé bàbá Màmá lọ sí ọjà. Ọmọ ogun rìn, ó dé àárín ilẹ̀ gbígbẹ, ó dúró gbagidi. Ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, kò lọ.

"Kí ló dá a dúró?"

"Omi yẹn ṣì wà níbẹ̀, Màmá. A ò kàn rí i mọ́ ni."

Màmá bọ́ awò ojú. "Mo jókòó, mo ń fẹnu ara mi ròyìn ìlú mi fún ọ, ìwọ ń gbé Koumassi wá bá mi. O ò gbọ́ mi rárá. Mi ò sọ mọ́." Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Bí Màmá bá ní òun ò sọ mọ́, kò sọ mọ́ náà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò mẹ́nu ba abúlé. Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí a ò ní ẹlòmíràn tí a lè bi.

Tadjoudine kò jà, kò bẹ̀bẹ̀. Ìdí iṣẹ́ ló padà sí. Ó ṣàlàyé fún mi pé ilẹ̀ tí ènìyàn bá dà kọ kì í dá wá: àwọ̀ rẹ̀ á wá, gíga rẹ̀ á wá, àmì tó ń sọ pé ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá níbẹ̀ á sì wá. Àwọ̀ nìkan lòun ti yí padà. Ó wá mú kí àwọn àmì náà hàn síta, wọ́n pọ́n káàkiri abúlé bí ara ẹni tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú, ó sì ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí ọ̀sà rẹlẹ̀, nítorí náà níbi tí ilẹ̀ àdàkọ ti pàdé ilẹ̀ tó kù, bí ògiri ló rí. Ó ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ́jú. Bó bá tún ibì kan ṣe tán, á ní kí ọmọ ogun rìn ín wò.

Ṣùgbọ́n gegele àti kòtò abúlé ńkọ́? Màmá nìkan ló mọ̀ wọ́n. Ni àbúrò mi bá gbé kọ̀ǹpútà wá sí pálọ̀, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ń dá sọ̀rọ̀ sókè: "Kànga máa wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, c'est bon, ó ti dáa." Màmá ń ṣa ẹ̀wà, kò wò ó. "Alágbẹ̀dẹ náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga."

"Ta ní ń kó iná alágbẹ̀dẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga?" Màmá ti bú jáde. "Iwájú mọ́ṣáláṣí ni kànga wà! Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀, bí òjò bá rọ̀, a máa ń yọ̀ ṣubú!"

Mo bi Tadjoudine bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, y a fohi, kò séwu." Ọmọ burúkú ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ọjọ́ tí ilẹ̀ náà parí, gbogbo wa péjọ sí pálọ̀. Ọmọ ogun tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ yọ. Màmá bi Tadjoudine bóyá jàǹdùkú ló fẹ́ rán sí abúlé òun. Tadjoudine fi obìnrin tó ru apẹ̀rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Obìnrin náà rìn, kò sí omi tó dá a dúró. Màmá ló dá a dúró.

"Ó ti kọjá ilé Bàbá Lìádì, kò kí wọn! Dá a padà."

A kì í kọjá níwájú ilé àgbà ká má kí i. Tadjoudine dá a padà. Ilé dé ilé ló ń dúró, Màmá sì ń sọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ta ló ya ahun, ta ló máa ń fún ọmọdé lẹ́pà. Ìrìn kékeré di odindi ọ̀sán. Inú mi dùn débi pé ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Níkẹyìn, ó dé ilé kan lábẹ́ igi ìṣin. Màmá nawọ́ sí i. "Ilé ìyá mi nìyẹn." Oṣù tí Màmá bí Tadjoudine ni ìyá tirẹ̀ kú ní abúlé. Ọmọ titun wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè lọ sin ín.

"Kò kúnlẹ̀," ni Màmá wí.

Tadjoudine tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún. "Màmá, wọn ò kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. Kò sí nínú eré náà."

Màmá fọwọ́ ti àga, ó fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀. Mélissa, ọmọ Tadjoudine, tí kì í dá Màmá lóhùn ju "oui" lọ, sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ kú ilé o, Màmá."

Màmá ló dáhùn lórúkọ ìyá rẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní. "Ó pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ."