Bàbá Sánmà Kì Í Yẹ Ohùn

Bàbá Sánmà, kápẹ́ńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, dákẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò gbé e kọjá odò, kí wọ́n lè sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Bí òjò bá sì ń rọ̀, odò yẹn kì í ṣeé kọjá. Gbogbo ìlú wá ń béèrè bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, ẹni tó máa ń dá wọn lóhùn ló sì wà nínú pósí.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ló máa ń fi ẹfun kọ ojú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ náà sára pátákó kan ní èbúté. Èyí tí ìlú kò lè gbàgbé ni ti Ọjọ́rú kan tó kọ pé oòrùn yóò ràn. Òjò ọjọ́ náà dà bí ẹni ń fi garawa dà á. Onígbàjámọ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó rí Bàbá Sánmà tó ń bọ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti akẹtẹ̀, tó ń fọwọ́ nu ojú.

"Bàbá, ẹ yà síbí o! Òjò yìí á pa yín!"

"Òjò wo? Òógùn ni. Oòrùn òní mú jù."

Ohun tó bá kọ ló máa ń wọ̀. Ó ní ẹni tó bá ní kí ìlú mú agboòrùn, kò gbọdọ̀ rìn lọ́wọ́ òfo. Nígbà kan tó kọ òjò, oòrùn ràn ganrínganrín, síbẹ̀ ó wọ rénkóòtù àti bàtà rọ́bà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹlẹ́ja bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

"Ara mi le. Òjò ló pẹ́ díẹ̀; ẹni tó pẹ́ kì í ṣe ẹni tí kò wá."

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, kò gbà á gbọ́ rí. Ọjọ́ tí ọkọ bá kọ òjò gan-an ló máa ń sá aṣọ. Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀ lóòótọ́, aṣọ àwọn oníbàárà rin gbingbin. Bàbá sáré jáde, ó kọ́kọ́ jó yí okùn aṣọ ká kó tó bá a kó o.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé orí yín pé ṣá?"

"Kí ló fẹ́ ṣe orí mi? Ìwọ sáà ka pátákó!"

Ní Ọjọ́bọ̀, olórí àwọn atukọ̀ wá sílé opó náà.

"Ìyá, rédíò ní òjò ń bọ̀ ní Sátidé. Ṣé ká sún un síwájú ni?"

Ìyá gbójú sókè lórí aṣọ funfun tó ń rán láti fi bo pósí.

"Ọkọ mi tí a jọ ń sùn, mi ò gbà á gbọ́. Rédíò wá ni n ó gbà gbọ́?"

Atukọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kí ẹ̀rín rẹ̀ tó dúró, ó sì fi etí aṣọ funfun náà nu ojú.

"Ẹ má sún nǹkan kan. Bó bá rọ̀, ẹ bá mi dúró tì í títí òjò á fi dá."

"A ó dúró, Ìyá. Ì báà di ìrọ̀lẹ́."

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ Àbámẹ́ta ni ọkọ̀ tí yóò gbé Bàbá Sánmà kọjá odò yóò dé èbúté.