Irin Ìbòrí Tí Àlàájì Ń Gbé Fílásìkì Lé

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ayùn irin pa Bàbá Sùfíyánù, pẹ̀lú jàlàbíyà funfun lọ́rùn rẹ̀, tí omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lójú rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà la sin ín. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti fọ ẹ̀rọ tó pa á, ó sì ti ń ké ní àdúgbò Sabonjida. Ta ló ní a kì í yára ṣiṣẹ́ ní Tamale, ní Gánà níbí?

Àbúrò bàbá mi ni. Òun nìkan ni kì í dá mi lóhùn tí mo bá fi Hausa tàbí òyìnbó bá a sọ̀rọ̀. "Yorùbá ni kí o fi bi mí, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn irin wọ̀nyí gan-an gbọ́ ọ." Kó tó jẹ́ kí n sún mọ́ ẹ̀rọ náà, yóò ká apá aṣọ mi sókè fúnra rẹ̀, yóò so híjáàbù mi sẹ́yìn. "Ẹ̀rọ yìí ò mọ ọmọ ta ni ẹ́ o. Tó bá ti gbá aṣọ mú, ọwọ́ ló kàn."

Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe kú nípasẹ̀ apá jàlàbíyà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nígbà tí gbogbo yín ti di odi.

Ayùn náà gùn bí ọ̀já, ó ń yí po láìdúró. Irin ìbòrí kan ló yẹ kó bo eyín rẹ̀, kó ku ìwọ̀nba ibi tí wọ́n ti ń gé nǹkan. Àlàájì Mùzàmmil tó ni ṣọ́ọ̀bù ti fi sípánà yọ ọ́ kí ààwẹ̀ tó dé, ó ní kì í jẹ́ kí irin ńlá wọlé. Kò kúkú jù ú nù. Ó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Orí ẹ̀ ló ń gbé fílásìkì tíì lé.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ ní Jímọ̀, tí wọ́n ṣe àlùwàlá, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan irin mọ́. Abdul-Mumin tó ń jó irin pọ̀ níbẹ̀ ló sọ fún mi pé Bàbá ti dé ẹnu géètì nígbà tí Àlàájì pè é.

"Sùfíyánù, ẹyọ kan ṣá! Oníbàárà tó wá láti Choggu ń dúró nínú ọkọ̀."

"Àlàájì, mo ti múra ìrun. Ẹ jẹ́ n pààrọ̀ aṣọ nígbà náà."

"Kí o tún bọ́ra, kí o tún wọṣọ? Ṣé ìyàwó ọ̀ṣìngín ni ẹ́? Gé e jàre! Wallahi, lèmọ́mù ò ní dúró dè wá."

Ó gé e. Ayùn gbá apá jàlàbíyà mú, ó fà á tọwọ́tọwọ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ wà lára ògiri, lẹ́yìn òkìtì páìpù tí Àlàájì ní kí wọ́n kó síbẹ̀. Abdul-Mumin ń gun páìpù, ó ń yọ̀, ó ń ṣubú. Nígbà tó fi débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ọkùnrin náà.

Ta ló wà ní sàáfù àkọ́kọ́, ìlà iwájú pátápátá, níbi ìrun òkú? Àlàájì. Ta ló fa màlúù wá? Àlàájì náà ni. Àwọn àgbà wa jókòó ti opó Bàbá, wọ́n ń nu ọ̀rá ẹnu: "Kádàrá ni. Sai haƙuri, ẹ ṣe sùúrù." Ìkhlàs, ọmọ olóògbé, bi wọ́n pé, "Ṣé kádàrá ló kó páìpù dí bọ́tìnnì ni?" Wọ́n ní kó panu mọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ kẹ́ ẹ máa yẹ ibi iṣẹ́ wò ńkọ́? Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń sun ẹran ní Sabonjida. Ṣọ́ọ̀bù irin nìkan lẹ ò mọ̀nà rẹ̀.

Kádàrá kò mú sípánà, Àlàájì. Ẹ̀yin lẹ mú un. Ẹ gbé fílásìkì yín kúrò lórí irin yẹn. Ẹ fọwọ́ ara yín gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ sọ ẹni tó yọ ọ́, kí ẹ sọ ẹni tó pe ọkùnrin padà lọ́nà mọ́sálásí. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan ẹ̀rọ náà títí ìbòrí yóò fi padà sára rẹ̀.

Abdul-Mumin ni wọ́n fi sídìí ayùn báyìí. Ọ̀la sì ni Jímọ̀.