Nọ́ńbà Tó Wà Lára Ènìyàn

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó gbàgbé: ẹni tó bá fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ sí kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà, ó kúkú ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Àwọn tó ń fi ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin sí i ńkọ́? Mi ò tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ tiwọn, kí inú má baà bí mi. Ó di ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́rọ́. Èyí tí à ń gé lórí ẹ̀rọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tí irin á máa ta sí ni lójú. Ní báyìí, èyí tó ní bọ́tìnnì ni gbogbo ènìyàn ń béèrè: o tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, ilẹ̀kùn ṣí, kò sí pé ò ń tú àpò kiri.

Mo ní òfin kan. Bí oníbàárà bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà tó yàn, màá kẹ̀yìn sí i. Màá kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń fìyà jẹ, títí yóò fi ní òun ti ṣe tán. Mi ò fẹ́ mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan bá sọnù nílé wọn lọ́la, kí wọ́n má wá fojú burúkú wò mí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Kẹ̀yìnsí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, mo bínú. Ó ti wá mọ́ mi lára báyìí.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, Ìyá Téèpù ni wọ́n ń pè é. Aránṣọ ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó ń dá gbé nínú ilé oníyàrá méjì tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, téèpù kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Kò ní ìwé tó ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí. Obìnrin kan padà wá bá a lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, kò tíì jókòó tí ìyá fi ní, "Àyà rẹ, méjìdínlógójì nígbà náà lọ́hùn-ún. O ti sanra. Dúró dáadáa kí n wò ọ́." Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó pe iye tuntun, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa téèpù yọ. Ohun tó pè náà ni téèpù wí. Ojú ìyá yẹn gan-an ni téèpù. Èyí tó wà lọ́rùn, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Àmọ́ kọ́kọ́rọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ́kọ́rọ́ ilé sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan. Àkọ́kọ́, inú òkìtì àjákù aṣọ ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó rán an mọ́ ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. Obìnrin náà lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin kó tó wá béèrè pé kí ló ń gbá òun lẹ́sẹ̀ bí òun bá ń rìn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi nígbà tí mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kò múni rẹ́rìn-ín. A ò rí i rárá. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ara rẹ̀ láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀, kò sọ fún ẹnì kankan, ojú ń tì í. Aládùúgbò ló pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní ìlú tó tó ìrìn wákàtí mẹ́rin sí wa. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé kí ìyá kó wá sọ́dọ̀ òun. Lọ́jọ́ yẹn ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ kó ẹrù yín."

Ìyá ní, "Kí n kó lọ síbo? Ẹ̀rọ mi ńkọ́? Àwọn èèyàn mi ńkọ́? Ṣé inú ilé alájà mẹ́ta ni wọn yóò ti máa gun àtẹ̀gùn wá wọn àyà?"

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n fà á bọ̀. Níkẹyìn wọ́n ṣe àdéhùn. Wọn yóò gbé kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà sí ilẹ̀kùn. Ọmọ yóò wá lo ọjọ́ mẹ́ta. Bí ìyá bá dá ilẹ̀kùn ara rẹ̀ ṣí fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí ìrànlọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ kíkó lọ mọ́. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan, ó di dandan kó kó lọ. Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn.

Mo gbé oríṣi méjì lọ. Ọ̀kan kì í lo bátìrì, àmọ́ bọ́tìnnì rẹ̀ le, ìka ìyá sì ń ro ó. Ó mú èkejì, oníbátìrì mẹ́rin, tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó lè rí láìwo gíláàsì. Mo ṣàlàyé fún un: bó bá ń dún lemọ́lemọ́, bátìrì ló fẹ́ tán, bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, yóò ti ara rẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa nu bọ́tìnnì rẹ̀, kí ìdọ̀tí ọwọ́ má baà fi èyí tí ẹ ń tẹ̀ han olè. Kọ́kọ́rọ́ irin kan tún wà fún ọjọ́ ìṣòro. Mo ní kí wọ́n fi í pamọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Nọ́ńbà ló wá di wàhálà. Èyí tí ọmọ rẹ̀ dábàá fún un lórí fóònù, ó gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kó irinṣẹ́ mi tán. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ojú rẹ̀ korò.

Ó ní, "Kẹ̀yìnsí, nọ́ńbà tí kò bá sí lára ènìyàn, ibo ni n ó gbé e kọ́ sí?"

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo ní, "Màmá, ẹ kúkú fi ti ènìyàn sí i. Ẹ wá ẹnì kan tí ẹ mọ̀ dáadáa. Àyà rẹ̀, nọ́ńbà méjì. Ìbàdí rẹ̀, nọ́ńbà méjì. Ó di mẹ́rin. Ẹ má sọ ẹni náà fún mi o."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí kú orí ire. Mo kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹrin, ilẹ̀kùn sì ṣí. Ó tì í, ó tún ṣí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo lọ sílé mi.

Ọmọ rẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ náà, ìyá ṣí ilẹ̀kùn. Ní Sátidé, ó ṣí i. Ní Sọ́ńdè, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, fóònù mi dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Màmá ti gbàgbé nọ́ńbà. Ìta la wà."

Mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, iná pupa ń tàn lára kọ́kọ́rọ́, ó ti ti ara rẹ̀ pa. Wọ́n lọ sá aṣọ ni, ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn wọn. Aṣọ ọmọ náà méjèèjì, àwọn gbàgẹ̀rẹ̀ ńlá tó ti ń wọ̀ láti ìgbà tó ti dé, ń kán lórí okùn. Ẹ̀wù kan tí ìyá rẹ̀ rán fún un láyé ọjọ́un, tó fi sílẹ̀ nílé, ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ irin tí mo ní kí ẹ fún aládùúgbò ńkọ́?"

Ọmọ ní, "Ó wà nínú báàgì mi. Báàgì mi wà nínú ilé."

Ẹ ò rí ayé mi bí? Mo gbé irinṣẹ́ mi kalẹ̀. Mo ní kí wọ́n jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe ọdún mẹ́wàá.

Ọmọ ní, "Ẹ wulẹ̀ tú u kúrò. Àdéhùn ni àdéhùn. Wọ́n ń bá mi lọ." Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó borí, mo kíyè sí i, àmọ́ èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé.

Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọmọ rẹ̀ ló tẹjú mọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ má pè é sókè o. Ṣé ti àná náà lẹ tẹ̀?"

"Rárá," ó dáhùn. "Ti òní ni mo tẹ̀."

"Ti òní báwo? Ṣé nọ́ńbà ilẹ̀kùn ń ní ti òní ni?"

Ìyá dìde, ó fa téèpù lọ́rùn. "Ìwọ, dìde. Gbé ọwọ́ sókè." Ọmọ ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì gbé ọwọ́ sókè. Ìyá yí téèpù mọ́ ọn láyà. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n." Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìbàdí. "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ohun tí mo tẹ̀ náà nìyẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí mo rán ẹ̀wù yìí, mẹ́rìndínlógójì ni, ìbàdí ọgbọ̀n. Òun ni mo fi sí ilẹ̀kùn. Ìwọ lo ń fi aṣọ bí àpò bora láti ìjọ́ tí o ti dé, mi ò rí ọ. Òní ni mo rí ọ. Ohun tí ojú mi rí ni ọwọ́ mi ń tẹ̀."

Mo fi ọwọ́ di etí, àmọ́ ó ti bọ́ sórí. Ọdún mẹ́rìnlélógún, òfin mi fọ́ lórí àtẹ̀gùn aránṣọ.

Ìyá ní, "Ínṣì mẹ́ta kì í ṣàdédé sọnù ní ìbàdí ènìyàn. Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, Màmá. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Wo ìdí mi!"

Mo wúkọ́. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jìnnà tó fi di ẹkún. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó ní, "Ọkọ mi ti lọ, Màmá. Ó di oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, ilé á kàn dákẹ́. Mi ò lè máa dá jẹun. Màá gbé oúnjẹ kalẹ̀, màá máa wò ó. Mo rò pé bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó fi àìsàn gbà á. Mo wá ní bí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ bá sú yín, ẹ ó wá bá mi gbé."

Ìyá ní, "Nítorí náà, ò ń gbàdúrà pé kí n gbàgbé."

Ọmọ nu ojú. "Lójoojúmọ́, Màmá. Mo dúró lẹ́yìn yín, mo ń gbàdúrà pé kí ẹ gbàgbé."

Ó ṣe mí láàánú, mi ò ní purọ́. Mo kọjú sí ògiri bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan.

Ìyá pòṣé gígùn kan. "Ọmọ òpònú. O ò kàn wí pé, 'Màmá, mo fẹ́ yín lọ́dọ̀'? Ṣé èyí le ju nọ́ńbà mẹ́rin lọ?" Ó wá fà á mọ́ra, ó fi ìkángun téèpù nu ojú fún un.

Iná pupa kú. Ìyá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀kùn ṣí.

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ kíkó ẹrù ìyá mọ́. Ọ́fíìsì ọmọ ní ẹ̀ka nítòsí wa. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n gbé e wá lẹ́yìn oṣù kan, ó sì wọ yàrá kejì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, kí n tó kúrò, mo bá ìyá jà díẹ̀. Mo ní nọ́ńbà tí ènìyàn mẹ́ta bá ti gbọ́, ó ti di orin. Ẹ jẹ́ kí n yí i padà.

Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án. Nọ́ńbà yẹn kò ṣìnà. Ara ọmọ mi ló ṣìnà, yóò padà wá bá a."

"Màmá, èmi ti mọ̀ ọ́n báyìí."

"O mọ̀ ọ́n, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ rán ẹ̀wù ni?"

Mo kó irinṣẹ́ mi. Lọ́nà, mo pe àbúrò mi tó ń dá gbé, mo bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀. Ó ní ṣé ara mi yá.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lemọ́lemọ́, wọ́n pè mí wá pààrọ̀ bátìrì. Mo pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ní kí ìyá dán an wò, mo sì kọjú sí ògiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, bí ẹni pé mi ò mọ̀. Bọ́tìnnì dún lẹ́ẹ̀mẹrin, ilẹ̀kùn ṣí. Nígbà tí mo yíjú padà, ìyá kò tiẹ̀ wo ilẹ̀kùn. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, tó ń gbé àwo oúnjẹ kọjá nínú pálọ̀.

Ìyá ní, "Ó ku ínṣì kan."