Fáànù Tó Dákẹ́

Láàárọ̀ yìí, mo yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi ní Bódìjà, ríléè sì dún "ká" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ìró yẹn gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní Challenge, níwájú ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe. Ríléè, ohun kékeré tó ń tan fáànù tó ń mú ẹ́ńjìnnì Máíkírà bàbá mi tutù, ti jó, ó ń rùn bí ike tó yọ́. Ríwáyà tú òmíràn lára mọ́tò àlòkù. Ẹlẹ́sẹ̀ irin mẹ́rin ni ti tẹ́lẹ̀. Èyí ní ẹsẹ̀ karùn-ún láàárín. Ó ki wáyà fáànù bọ ẹsẹ̀ àárín yẹn, fáànù sì gbéra lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ a kò tíì tan mọ́tò, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

"Alàájì, ó ti jí!" ni ríwáyà wí fún bàbá mi. Mo pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó yá, ní Dùgbẹ̀, oòrùn ń jó èmi, bàbá mi àti ìyá mi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo gbọ́ "ká". Fáànù dákẹ́. Kò pẹ́ ni èéfín ń yọ níwájú. Bàbá mi pa mọ́tò, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Alàájì, ẹ jẹ́ kó sinmi ná," ni ìyá mi wí.

"Ó ti tutù. Tó bá ṣì gbóná, ṣé fáànù á dákẹ́ ni?"

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìgbà tí ooru bá ní kí irú ríléè yẹn ṣiṣẹ́ gan-an ni iná ẹsẹ̀ àárín máa ń kú, tí fáànù á sì dákẹ́.

Bàbá mi fi àkísà di ìdérí rádíétọ̀ mú, wọ́n tẹ̀ bò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi kí wọ́n tó yí i, kí omi gbígbóná tó tú bò wọ́n lójú. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rí ojú wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.