Obìnrin tó Jókòó ti Màmá nílé Oníṣúgà

Èmi kì í mutí, mi kì í sì í ríran ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago méjì ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, oòrùn Texas ń ta bí ata. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ní àlá ni mo lá. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni pé kí n máa fi mọ́tò kó àwọn àlejò láti àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Galleria ní Houston lọ wo abúlé àtijọ́ kan. Ó kọjá Fulshear dáadáa, níbi tí ilé tuntun ti tán tí pápá màlúù bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì onípákó kan wà níbẹ̀, àti ṣọ́ọ̀bù kan tó ti wà látayébáyé, àti afárá onírin kékeré lórí odò. Lẹ́yìn abúlé ni ilé ńlá funfun kan wà, ilé oníṣúgà ayé ọjọ́un, òyìnbó tó ni oko ìrèké ibẹ̀. Èmi ni mò ń wa mọ́tò, èmi náà ni mò ń ṣàlàyé.

Wọ́n fún mi ní ìwé, mo sì kọ́ ọ sórí. Mo mọ ìlú tí oníṣúgà ti ra àwo ìjẹun rẹ̀. Mo mọ orúkọ ẹṣin rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ẹṣin! Odindi ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ ọ́, tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ya fọ́tò.

Ní ti àwọn ẹrú tó gé ìrèké, tí wọ́n sì se omi rẹ̀ di ṣúgà, gbólóhùn kan péré ló wà nínú ìwé náà: a kò rí àkọsílẹ̀ kankan nípa wọn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Bísọ́lá, ọmọ Yorùbá bíi tèmi tó ń ṣiṣẹ́ apoògùn ní Sugar Land, mú ìyá rẹ̀ wá. Màmá wá kí i láti Ìsẹ́yìn. Agbẹ̀bí ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì mú bí abẹ. Àwa àti òyìnbó mẹ́rin la jọ lọ. Màmá fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, wọ́n fọwọ́ pa gbogbo àga ibẹ̀. Lórí afárá, wọ́n ní odò náà jọ odò Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A jọ rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí a dé ilé ńlá ni nǹkan yí padà. Mo ń ṣàlàyé tábìlì ìjẹun lọ́wọ́ nígbà tí Màmá béèrè pé ibo ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Mo sọ ohun tó wà nínú ìwé, pé kò sí àkọsílẹ̀.

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀ pé, "Ìwọ ọmọ Yorùbá lo dúró síbí, tí o ń fẹnu ara rẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ gbà mí gbọ́, inú bí mi. Kí ló kàn wọ́n? Èmi kọ́ ni mo kọ ìwé náà, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Mo mú àwọn yòókù gòkè lọ wo yàrá. Màmá ní eékún ń dun àwọn, àwọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mi ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Nígbà tí a máa fi sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni kankan lórí bẹ́ǹṣì.

Bísọ́lá sáré gba ọ̀nà odò lọ, ẹ̀rù omi ló ń bà á. Èmi gba ẹ̀yìn ilé. Ọgbà wáyà kan wà níbẹ̀, igi ńlá mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ mú àlejò débẹ̀. Wọn ò sọ ìdí, èmi náà ò sì béèrè.

Kí n tó dé ibi wáyà ni òórùn náà ti gbá mi nímú. Ṣúgà tó ń jó. Ẹni tó bá ti gbàgbé ṣúgà lórí iná rí mọ̀ ọ́n, ó máa ń korò dé ọ̀fun. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí iná, kò sí èéfín.

Ẹnu ọ̀nà ọgbà wáyà náà ṣí sílẹ̀. Màmá wà lábẹ́ igi, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan jókòó tì wọ́n. Aṣọ rẹ̀ rí bí àpò, ó fi àkísà wérí. Mo rò pé àwọn òṣèré ni ọ̀gá mi gbà láti máa ṣe bí ará àtijọ́ fún àlejò.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ọwọ́ rẹ̀. Láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́, awọ ibẹ̀ ti sún kì, ó ń dán bí ọ̀rá tó yọ́ sínú iná. Ọwọ́ yẹn ló fi di ọrùn ọwọ́ Màmá mú.

Màmá ń pe orúkọ. Orúkọ òyìnbó mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ wálé jẹun. Tí wọ́n bá pè é tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú." Irọ́ ni mo pa, ọ̀sán ṣì pọ́n. Màmá ò wò mí. Obìnrin náà ló yíjú.

Mo ti rí ìbínú láyé mi. Mi ò rí irú èyí rí. Kò pariwo, kò lejú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́, tó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti ọdún mẹ́rin.

Èdè òyìnbó ló fi sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, èmi ló ń tú u fún yín. Ó ní, "Orúkọ ẹṣin ni ìwọ mọ̀."

Mo ṣẹ́jú. Màmá nìkan ló kù lábẹ́ igi.

Mo sáré gbé wọn dìde. Ojú ìka mẹ́rin pọ́n yòò ní ọrùn ọwọ́ wọn, ó ti ń lé ròrò. Màmá sọ létí mi pé, "Àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ ibi tí mo jókòó sí. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè wọ́n."

Bísọ́lá dé, ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì kọjú ìjà sí mi pé kí ni mo jẹ́ kí màmá òun fọwọ́ kàn. Màmá ní kó fi mí sílẹ̀. Mo wa mọ́tò padà sí Sugar Land. Àwọn òyìnbó mẹ́rin ń fi fọ́tò han ara wọn lẹ́yìn.

Ní Mọ́ńdè, mo lọ sọ fún ọ̀gá mi, òyìnbó obìnrin tó ni ilé náà. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ béèrè? Bóyá Màmá fọwọ́ sí ìwé pé bí nǹkan bá ṣe àwọn, àwọn ò ní pe òun lẹ́jọ́. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún àlejò kankan. Kò tó oṣù kan, wọ́n ká wáyà kúrò, wọ́n gé igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sórí ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá ṣègbéyàwó á máa gbé mọ́tò sí. Ó ní kí n máa júwe àyè fún wọn. Mo sọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ sórí tábìlì, mo jáde.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ gbọ́ mi tán, ó ní kí n mú orúkọ àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ wá, àwọn á fi wá inú ìwé.

Orúkọ!

Mo pe Màmá ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní bí àwọn ṣe dìde lọ́jọ́ náà ni orúkọ ti fò lọ lọ́kàn àwọn. Ohun tí wọ́n rántí ò ju pé obìnrin ni àbíkẹ́yìn, wọn ò tíì já a lẹ́nu ọmú. Àpá ọwọ́ wọn ò sì lọ.

Èmi ńkọ́? Mo dúró níbẹ̀, etí mi là, wọ́n pè é ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójú mi. Bí a ò ṣe ní pẹ́ délé ni mò ń rò, mi ò mú orúkọ kankan dání. Ọ̀gá yẹn ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n kò tó bí ara mi ṣe ń bí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó gba iṣẹ́ mi pè mí lórí fóònù. Ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ jóná, torí ó dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kò sì jẹ́ kí òun jáde. Kí n tó dáhùn, fóònù ti kú. Mo ti pè é títí, kò gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó òbí yín lọ wo ilé àtijọ́ káàkiri Houston yìí, ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá dé ibi kan tí ẹ gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wo ẹni tó ń pè. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí yín. Tí ẹ ò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ jókòó sílé yín.