Orúkọ Tí N Kò Lè Pè

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Mushin, ọmọ tó bá pe orúkọ mọ́ àgbà lórí, ìgbátí ló máa kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó bi í pé kí ló ń wá. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọ́ mi ní ohun púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìgbátí bá kọ́ni, ìwé kì í tètè pa á rẹ́.

Ọdún kẹta mi ni wọ́n pín mi sí yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù, nílé ìwòsàn kan lápá Yábàá. Ibùsùn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Bàbá tí wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú mi, bíríkìlà ni wọ́n ní Àgùdà. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri ni wọ́n ti já bọ́, wọ́n forí gbálẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọn ò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ mi ni pé ní wákàtí wákàtí, kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú, kí n tẹ èékánná wọn wò, kí n pe orúkọ wọn sí wọn létí, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ èékánná. Tó bá wá kan ti orúkọ, màá tẹ̀ sí wọn létí: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lajú." Wọn ò ní lajú. Màá kọ ọ́ pé wọn ò dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, dókítà ti sọ pé tí kò bá sí ìyípadà títí aago mẹ́rin, a ó gbé Bàbá lọ sí wọ́ọ̀dù ńlá, torí ẹnìkan wà nísàlẹ̀ tó ń dúró de ibùsùn wọn. Ní wọ́ọ̀dù ńlá, nọ́ọ̀sì kan ló ń sáré láàárín gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ń sùn níbẹ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kó sùn.

Aago méjì lù, mo tún bẹ̀rẹ̀ "Bàbá" mi. N kò mọ̀ pé Sístà, ọ̀gá wa, wà lẹ́yìn mi. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ohùn wọn kì í lọ sókè.

"Ta lò ń pè?"

"Bàbá ni, Mà."

"Bàbá mélòó ló wà nínú yàrá yìí?"

Mo wo yíká. Mẹ́ta ni.

"Wọ́n ju bàbá mi lọ, Mà. Mi ò lè pe orúkọ mọ́ wọn lórí."

"Láti àárọ̀?"

"Láti àárọ̀, Mà."

Wọn ò bínú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. "Lọ bi ìyàwó ẹ̀ bóyá òun pè é."

Ìyàwó Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n gbé fúláàsì ògì lé ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n pe ọkọ wọn nígbà tí wọ́n wọlé láàárọ̀.

"Kí ni mo fẹ́ pè é? Bàbá Ìbejì ni. Kí n tó bí Ìbejì, 'Ẹ gbọ́ ná' ni mò ń pè é. Ẹnu mi ò gba orúkọ yẹn rí, nọ́ọ̀sì."

Bí gbogbo wa ṣe fi ọ̀wọ̀ rọ̀gbà yí Bàbá ká nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò kanlẹ̀kùn.

Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Sístà ò ní kí n dìde. Mo pe orúkọ náà. Kò sí nǹkan. Mo tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìpéǹpéjú wọn gbéra, ó wálẹ̀, ó tún gbéra. Wọ́n wò mí bí àgbà tí ọmọdé jí lójú oorun ọ̀sán.

Sístà na bírò sí mi. A kì í pa ohun tó wà nínú ìwé yẹn rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo là ń fà lé e, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí àṣìṣe náà. Mo fà á lé wákàtí kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀, mo kọ "n kò pe orúkọ" sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí dókítà dé, ó kà á, ó sì ní kí Bàbá dúró. Wọ́n wá ibòmíràn fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. N kò gbọ́ bí tirẹ̀ ṣe já sí, mo sì máa ń rántí rẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ tí Bàbá ń kúrò ní yàrá wa, wọ́n fìka pè mí.

"Ìwọ lò ń pe orúkọ mi bí ẹgbẹ́ ẹ."

"Ẹ má bínú, sà."

"Láti ìgbà àkọ́kọ́ tí o pè é ni mo ti gbọ́. Mo kàn ń rò ó pé ọmọ ta ni ò lẹ́kọ̀ọ́ báyìí."